Aláwàdà tí wọ́n ní kó ṣe ìkà: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ fíìmù kan ní Àkúrẹ́

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Àkúrẹ́ la ti ṣe é, àti àwọn abúlé kòkó tó wà lọ́nà Ìdànrè. Èmi ni igbákejì olùdarí. Mi ò ní dárúkọ fíìmù náà, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, torí inú àwọn kan ò tíì rọ̀ lórí bí a ṣe parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe ipa ìkà níbẹ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀, kí àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi ṣẹlẹ̀.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ọkùnrin kan ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó sì ń yá wọn lówó nígbà tí ọwọ́ bá gbẹ, kí ìkórè tó dé. Ẹni tí kò bá rí owó san, oko kòkó rẹ̀ ni yóò fi dógò. Ẹni tó gbọ́njú ní ìhà Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn: ẹni tó yáni lówó ni yóò máa ká kòkó orí oko náà títí olóko yóò fi rí owó dá padà, lọ́pọ̀ ìgbà ni kòkó tó ń ká yẹn kì í sì í dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Àwọn kan kú kí wọ́n tó rí i san, ọmọ wọn wá jogún gbèsè lórí igi tí bàbá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Nínú ìtàn wa, opó kan ló bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

Ta ni yóò wá ṣe ọkùnrin náà? Olùgbéré-jáde, ẹni tó ń náwó iṣẹ́ náà, ò lówó tí yóò fi pe gbajúmọ̀ láti Èkó. Ẹni tó wà nílẹ̀, tí gbogbo ìlú mọ̀, ni aláwàdà kan, ọmọ Àkúrẹ́ gan-an, tó máa ń darí ètò níbi ìgbéyàwó àti ìkómọ láti Ìjàpọ̀ títí dé Oǹdó. Àwọn eré àwàdà kéékèèké tó máa ń ṣe wà lórí fóònù tọmọdé tàgbà. Bó bá wọ Ọjà Ọba, àwọn alátà a máa pè é kó wá bá wọn nájà, kì í ṣe torí owó rẹ̀, torí kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ kéré, ó sì ní bó ṣe máa ń gẹ fìlà rẹ̀ síwájú tó bá fẹ́ dápàárá. Bó bá ti gbọ́wọ́ sókè sí fìlà báyìí, àwọn èèyàn a ti máa rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu.

Olùgbéré-jáde ní òun fẹ́ ẹ torí pé orúkọ rẹ̀ yóò pe èrò. Kò sí ẹni tó bi í pé báwo ni ẹni tí gbogbo ayé fẹ́ràn yóò ṣe gba oko lọ́wọ́ opó tí a ó sì gbà á gbọ́. Olùdarí rò pé iṣẹ́ aṣaralóge nìyẹn.

Ibi tá a ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: a fẹ́ pa ojú tí ayé mọ̀ rẹ́. Aṣaralóge fi irùngbọ̀n sí i lágbọ̀n, ó fa ojú ọgbẹ́ kan láti etí rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní agbádá dúdú, wọ́n fún un ní jígí dúdú àti ọ̀pá. Olùdarí ní kó máa fi ohùn ìsàlẹ̀ àyà sọ̀rọ̀, Yorùbá tó wúwo, irú èyí tí àwọn àgbà òṣèré máa ń sọ lórí ìtàgé. Kí n sọ òtítọ́, nígbà tó jáde nínú yàrá ìwọṣọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa la pariwo pé ó gbayì. Ariwo yẹn gan-an ló yẹ kó kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí ariwo tí wọ́n ń pa fún un nílé ìgbéyàwó náà ni.

Ìran tó ti wá halẹ̀ mọ́ opó ní àgbàlá la kọ́kọ́ yà. Ọmọdékùnrin tó ń ṣe ọmọ opó náà kò lè dáwọ́ ẹ̀rín dúró. A yà á títí, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, olùdarí kó díẹ̀ nínú ohun tá a yà, ó fi han àwọn aládùúgbò níwájú ilé tá a wọ̀ sí ní Òkè-Àró. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín ní gbogbo ibi tó yẹ kí àyà wọn já. Bàbá àgbàlagbà kan tó fara balẹ̀ wò ó látòkèdélẹ̀ wá bi wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Eré yìí dáa o. Ṣé àwàdà ni?"

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí tí èèyàn bá lè mú sùúrù. Àwọn òṣèré tí ojú wọn nìkan tó láti dẹ́rù bà wá nígbà tá a wà lọ́mọdé, irú Charles Olúmọ tí a mọ̀ sí Àgbákò, tàbí Fádèyí Olóró, ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ojú yẹn sí wa lọ́kàn. Bí wọ́n bá ti yọ, èèyàn ti mọ ohun tó ń bọ̀. Tiwa yìí, ohun mìíràn ló ti kọ́ sí àwọn èèyàn lọ́kàn. Èyí tó tún burú jù ni pé nínú àwọn eré àwàdà rẹ̀, irùngbọ̀n àti ohùn ńlá yẹn ló fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn olówó àti àwọn babaláwo inú fíìmù. Aṣọ tá a wọ̀ fún un láti fi lé àwàdà lọ, inú àwàdà rẹ̀ ló ti wá. Àwa la tún fọwọ́ ara wa dá àwọn èèyàn padà síbi tí a kò fẹ́ kí wọ́n wà.

Ọ̀nà kejì tí olùdarí gbà ni pé kí ìwà ìkà náà le sí i. Bí a bá ń fi ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá a ó fi ọwọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ìwé eré kọ: ó gbá alágbàṣe létí, ó da agbọ̀n kòkó opó nù, ó lé ọmọ rẹ̀ jáde. Ẹ̀rín dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kọ́ ló rọ́pò rẹ̀. Àánú òṣèré náà ló ń ṣe èèyàn, bí ẹni ń wo ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú.

Èdítọ̀ wa, ẹni tó ń to àwọn ìran pọ̀, ló rí ohun tí ojú tiwa kò rí lórí pápá. Ó pè wá sídìí kọ̀ǹpútà, ó tún ìran ìfọ́tí yẹn ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ní ká máa wo ìpéǹpéjú ọkùnrin náà. Bó bá ti sọ ọ̀rọ̀ líle tán, ìpéǹpéjú rẹ̀ a gbé díẹ̀, orí rẹ̀ a tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kó tó gbá alágbàṣe yẹn létí, ó ti kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti múra tán. Lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, bí olùdarí bá ti ní ó tó, ṣe ló máa ń sáré lọ bá obìnrin tó ṣe opó: "Màmá, ẹ má bínú o, ẹ má bínú." A rò pé ìgbà tí kámẹ́rà bá kú ló ń tọrọ àforíjì. Èdítọ̀ fi hàn wá pé àtìgbà tí kámẹ́rà ti wà lójú iṣẹ́ ló ti ń tọrọ rẹ̀. Àwa tá a jókòó níwájú rẹ̀ gan-an ló ń bẹ̀.

Olùdarí bi í léèrè. Ẹ̀gbọ́n ni fún olùdarí, torí náà jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, lórí àga níwájú ilé, èmi ni mo gbé omi wá. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá ló ní, "Ẹ gbọ́, ta ni yóò pe ìkà kó wá darí ètò ìkómọ?" Oúnjẹ rẹ̀ ló ń bẹ̀rù fún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe òṣèré tó bá ṣe ìkà dáadáa: wọ́n á bú u lójà, wọ́n á ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹni tó ń jẹun nínú ìfẹ́ àwọn èèyàn kò lè fi ìfẹ́ yẹn ṣeré láìbẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó wáyé kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ fún un. Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń bi òṣèré pé ọjọ́ wo ló máa wà nílẹ̀ àti èló ló fẹ́ gbà, a kì í bi í pé kí ni ipa yìí lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó yí gbogbo ẹ̀ padà kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni.

Ìran kan wà tí opó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè títí di ìkórè. A ti ya ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, irùngbọ̀n, ohùn ńlá, gbogbo ẹ̀. Ó ku ojú obìnrin náà nìkan tí kámẹ́rà yóò wò. Ilẹ̀ ti ń ṣú, jẹnẹrétọ̀ ń ṣe wọ̀n-ọ́n wọ̀n-ọ́n, irùngbọ̀n ti ń yún ọkùnrin náà, ó sì ti já a sọnù. Níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà kò ní rí i, ó jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó kàn ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kí obìnrin náà lè rí ẹni dá lóhùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò lágbára ohùn ńlá mọ́. Ló bá bọ́ sí ẹ̀ka èdè Àkúrẹ́, ohùn tó fi ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní kí màmá náà jókòó, kó mu omi, ó bi í pé báwo ni ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé ní Oǹdó. Ó wá ní òun gbọ́ ohun tó sọ, kó má da ara rẹ̀ láàmú, oko náà kò ní sá lọ, òun yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀.

Obìnrin náà gbàgbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Ojú rẹ̀ kàn ń wò. Olùdarí kò dá wọn dúró, kámẹ́rà sì ń lọ. Nígbà tí wọ́n parí, ọmọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ yọ ohun tó fi bo etí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rù bà mí o." Wọ́n bi í pé kí ló bà á lẹ́rù. Ó ní látàárọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ti ń bú ramúramù, bí ẹni tó ń wá oko náà kiri ló ń dún létí òun. Ó ní nísinsìnyí, ó dún bí ẹni tó ti gbà á.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ọmọkùnrin yìí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, ohùn nìkan ló ń gbọ́. Irùngbọ̀n kò tàn án, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún kò sì pa á lẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló gbọ́ ìran náà láìsí òkìkí aláwàdà nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nídìí àkàrà àti ẹ̀kọ, olùdarí sọ ìtàn kan tó ti mọ̀ tipẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rántí lò. Henry Fonda, òṣèré Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe èèyàn rere nínú fíìmù. Òun ló ṣe Abraham Lincoln nígbà ọ̀dọ́ nínú fíìmù kan ní ọdún 1939. Nígbà tí Sergio Leone, ará Ítálì, pè é kó wá ṣe apànìyàn nínú Once Upon a Time in the West, tó jáde ní ọdún 1968, Fonda múra wá bí ìkà: ó fi irùnmú sí ètè, ó lẹ awò kékeré mọ́ ẹyinjú rẹ̀ kí àwọ̀ búlúù rẹ̀ lè di búráùn. Leone ní kó yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Ẹyinjú búlúù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti fẹ́ràn látọjọ́ yẹn gan-an ló fẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i nínú fíìmù náà, wọ́n ti pa ìdílé kan, ó ku ọmọdékùnrin kan tó dúró. Kámẹ́rà yí dé ojú ẹni tó kó àwọn apànìyàn wá, ojú èèyàn rere tí wọ́n mọ̀ ni, ó sì rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà kó tó yìnbọn pa á.

"Irùnmú Fonda la lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n wa," olùdarí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá yíjú sí òṣèré náà. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ọkùnrin yìí rò nípa ara rẹ̀?"

"Ó mọ̀ pé ìkà lòun."

"Rárá o. Ta ló yá wọn lówó nígbà tí báǹkì ò dá wọn lóhùn? Ta ló ra oògùn nígbà tí ọkọ màmá yẹn ń ṣàìsàn?"

Ọkùnrin náà bu ẹ̀kọ jẹ, kò tètè fèsì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní òun mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnì kan wà tí oko bàbá bàbá òun wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òun wà ní kékeré. Bí ọkùnrin náà bá ti ń bọ̀ lórí alùpùpù, òun àti àwọn ọmọ ilé a máa sáré pàdé rẹ̀, torí bisikíìtì kì í wọ́n lápò rẹ̀. Àwọn àgbà ilé a sì dákẹ́. Òun ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń dákẹ́ títí òun fi dàgbà.

Olùdarí ní kó má fi kún un, kó má yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni yẹn ni kó ṣe.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ yí padà. Irùngbọ̀n, ojú ọgbẹ́, jígí, ọ̀pá, gbogbo ẹ̀ padà sínú àpótí. Aṣọ àdìrẹ àti fìlà tirẹ̀ gan-an ló wọ̀. Wọ́n yọ ìfọ́tí kúrò, wọ́n yọ ìhalẹ̀ kúrò. Ó kù díẹ̀ kó má sí ọ̀rọ̀ líle kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́ nínú gbogbo eré náà. Olùgbéré-jáde fárí gá pé owó tí a fi ya ti tẹ́lẹ̀ ṣòfò. Ó ṣòfò lóòótọ́.

Ìran ìdógò la tún kọ́kọ́ yà, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n náà wà. Opó wọlé. Ọkùnrin náà dìde fún un, ó fà á ní àga. Akọ̀wé rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọ̀gá rẹ̀ ti dìde, akọ̀wé náà dá ẹnu dúró, búrẹ́dì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò jẹ ẹ́, kò gbé e mì. Olùdarí ló fún un ní ìyẹn. Ó ní ẹ̀rù tá a fẹ́, ká má wá a lára ẹ̀gbọ́n mọ́, ara àwọn tó yí i ká ni ká gbé e sí. Ọ̀gá yìí ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ nínú yàrá náà kò sì lè jẹun. Ẹni tó ń wò ó yóò bi ara rẹ̀ pé kí ni ọmọ yìí ti rí?

Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Ó ní owó ìdánwò WAEC ọmọbìnrin opó náà wà lọ́wọ́ òun, kó má ronú. Ó ka ìwé fún un, kò fò ó, kò yára. Obìnrin náà kò lè kọ orúkọ, torí náà ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ sí yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìwé eré parí síbẹ̀. Òṣèré wa kò parí síbẹ̀. Ó fa aṣọ ìnujú yọ lápò, ó nu yíǹkì kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà, ó nù ún dáadáa, bí ìgbà tí bàbá ń nu ọwọ́ ọmọ tó jẹun tán. Kò wo ìwé tó gba oko náà rárá. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò gbé. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀, torí ọkùnrin tó ń ṣe kò mọ̀ pé ohun kan wà tó yẹ kí òun bẹ̀bẹ̀ fún.

Ìṣòro ẹ̀rín ṣì wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tá a fi mú un ti yí padà. Dípò ká máa lé ẹ̀rín, olùdarí ní kó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín bó ṣe fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ìran ìwọ̀n kòkó nìyẹn: àwọn àgbẹ̀ tò, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó gẹ fìlà síwájú, gbogbo àgbàlá ń bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ òṣùwọ̀n ní gbogbo àkókò náà. Kámẹ́rà kò sún mọ́ ẹsẹ̀ yẹn, ọmọ opó nìkan ló ń wo ìsàlẹ̀. Nígbà tá a fi fíìmù náà han àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká, wọ́n rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú àwọn mìíràn. Ìgbà tí ọmọ náà sọ ohun tó rí fún ìyá rẹ̀ ni gbọ̀ngàn yẹn tó mọ ohun tí òun náà ti wò kọjá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Fìlà yẹn tún padà lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ sí oko tí wọ́n fi dógò, ó ń ka igi kòkó pẹ̀lú opó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúró, ó gbọ́wọ́ sókè sí fìlà. Gbọ̀ngàn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Ó gẹ fìlà náà, kò dápàárá kankan, ó kàn ń ka igi lọ. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn. Mi ò rò pé gbajúmọ̀ kankan láti Èkó lè ṣe ìyẹn, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, torí gbèsè ẹ̀rín tó wà láàárín ọkùnrin yìí àti àwọn èèyàn náà ló fi ṣe é.

Aláwàdà ní ohun kan tí àwọn òṣèré mìíràn máa ń wá kiri: ó mọ iye ìdákẹ́ tó yẹ kó wà kí ọ̀rọ̀ tó bọ́. Ìdákẹ́ tó ṣáájú ẹ̀rín àti ìdákẹ́ tó ṣáájú ìkà, ọwọ́ kan náà ló ń wọ̀n wọ́n. Ní ọdún 2002 nìkan, Robin Williams, aláwàdà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣe apànìyàn nínú Insomnia, ó sì ṣe ẹni tó ń fọ fọ́tò, tó ń ṣọ́ ìdílé onídìílé, nínú One Hour Photo. Nínú méjèèjì, ṣe ló rọ ohùn àti ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó mọ bó ṣe máa ń sáré tẹ́lẹ̀ yóò mọ̀ pé ìdákẹ́ yẹn kò ṣàdédé dé.

Ẹ̀ka èdè Àkúrẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ díẹ̀. Mákẹ́tà, ẹni tí yóò ta fíìmù náà, ní àwọn ará Ìbàdàn kò ní gbọ́. Wọ́n parí rẹ̀ sí pé àwọn ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan ni yóò fi ẹ̀ka èdè sọ, ọ̀rọ̀ owó yóò wà ní Yorùbá tí gbogbo èèyàn ń sọ. Bí ọkùnrin yìí bá ti ń kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, opó a ti mọ̀ pé nǹkan fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìlàjà lásán ni, ṣùgbọ́n ó bá eré náà mu ju ohun tá a kọ́kọ́ fẹ́ lọ.

Ìparí ni ìjà ńlá. Mákẹ́tà fẹ́ kí ọkùnrin náà ya wèrè, kó máa ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri títì, bí a ṣe máa ń rí i nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa. Ó ní àwọn èèyàn wa fẹ́ rí ẹ̀san, ẹni tí yóò sì gba ẹ̀san gbọ́dọ̀ ti hàn bí ìkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùdarí dá a lóhùn pé Ìlárá-Mọ̀kín kò jìnnà sí wa níbí, ibẹ̀ ni Kúnlé Afọláyan ti ya púpọ̀ nínú fíìmù rẹ̀, October 1, tó jáde ní ọdún 2014, apànìyàn tó sì wà níbẹ̀ ni ọmọ ọba tó kàwé, tó níwà, tí gbogbo ìlú fi ń yangàn. (Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó má bínú sí mi.) Mákẹ́tà ní ìyẹn ti owó ńlá. A ya ìran wèrè náà kí àlàáfíà lè jọba.

Ó bàjẹ́ pátápátá. Bí òṣèré wa ṣe já aṣọ rẹ̀, tó fi ewé sí orí, gbọ̀ngàn Alágbàká bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtọkànwá, wọ́n ti padà sínú eré àwàdà. Ìdí kejì wà tó jinlẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibẹ̀, ọkùnrin yìí gbà pé olóore lòun. Ẹni tí kò gbà rí pé òun ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni yóò máa kà kiri? Èyí tó wà nínú fíìmù báyìí ni pé ọmọ opó rí ìwé kan tó fi hàn pé wọ́n ti san gbèsè náà tán tipẹ́. Ọkùnrin náà wo ìwé, ó rẹ́rìn-ín, ó dá oko padà, ó sì bi opó pé ṣé kò ní nílò owó díẹ̀ fún ìkórè tó ń bọ̀. Mákẹ́tà kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. Mi ò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní ìdí, torí àwọn màmá kan jáde ní gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìbínú pé a jẹ́ kí olè lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnì kan wà nínú eré yìí kan náà tí ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ fún. Òṣèré tó ṣe àbúrò ọkọ opó, tó dalẹ̀ ìdílé, jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ tutù, tí èèyàn máa ń fẹ́ràn. Nígbà tó rí bí nǹkan ṣe dára fún ẹ̀gbọ́n, òun náà rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, kò sì dùn. Ìwé eré kò sọ ohun tó ń fẹ́. Olówó kòkó fẹ́ oko, ó sì fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun lórí rẹ̀. Àbúrò ọkọ kàn ń dalẹ̀ torí ìtàn nílò ẹni tó máa dalẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ láìsí ohun tí ọkàn ń fẹ́, ohùn pẹ̀lẹ́ náà ló máa jẹ́.

Ní ti ìbẹ̀rù oúnjẹ tí òṣèré wa ní, ó ṣẹ díẹ̀. Ìdílé kan ní ọ̀nà Ìdànrè, tí ọ̀rọ̀ ìdógò ti kàn rí, rọra fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ níbi ìnáwó wọn láìwí nǹkan kan. Ibi tó kù ṣì ń pè é. Níbi ìgbéyàwó kan ní Oǹdó, ó ní òun fẹ́ ran ìyàwó lọ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "A ò yáwó o!" Ó ti fi ìyẹn kún àwàdà rẹ̀ báyìí.

Iṣẹ́ mìíràn ti wà nílẹ̀ ní Oǹdó, obìnrin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ìyá jẹ́jẹ́ nínú fíìmù ni yóò sì ṣe ẹni tó ń ta ọmọ. Ètò tá a fi ṣe é yàtọ̀. Olùdarí ti lọ kí i nílé, wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń bà á lẹ́rù nípa ipa náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, òun ló sì sọ̀rọ̀ jù. Àwọn ìran tó ti ń ṣìkẹ́ àwọn ọmọ náà la ó kọ́kọ́ yà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ké lé ẹnikẹ́ni lórí. Ojú àwọn tó ń bá a ṣeré la ó yà ṣáájú ojú tirẹ̀, òun yóò máa dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà láìwọ aṣọ eré. Ọmọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti mọ̀ pé bí ìran kan bá parí, òun ni olùdarí yóò kọ́kọ́ bi léèrè, kí ẹnikẹ́ni tó wo àwòrán.